Làkúrègbé Ẹṣin: Bí A Ṣe Ń Mọ Oríkèé Tó Ń Dùn àti Ìtọ́jú Tó Yẹ Ẹ́

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé làkúrègbé ló ń ṣe ẹṣin yín, ẹ béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé: oríkèé wo? Bí kò bá sí ìdáhùn, àyẹ̀wò kò tíì parí, àfìméfò lásán sì ni oògùn tí wọ́n bá fún un. Oríkèé méjì lè wà lára ẹsẹ̀ kan náà, tí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gun èkejì lórí, kó jẹ́ pé ohun tí à ń wá fún ọ̀kan ni kó máa ká kó sì máa nà láìsí ìrora, kó sì jẹ́ pé ohun tí à ń wá fún èkejì ni kó gan pátápátá, kí eegun méjèèjì di ọ̀kan.

Orí eegun méjì tó pàdé ní oríkèé ní ìbòrí kan tó funfun, tó rọ̀, tó sì ń yọ̀. Eegun rírọ̀ la ó máa pè é níbí. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí oríkèé náà ká, òun ló ń ṣe omi tó ki tó ń fún eegun rírọ̀ ní oúnjẹ, tó sì ń jẹ́ kó máa yọ̀. Nígbà tí oríkèé bá fara pa, tàbí tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára fún ọdún púpọ̀, awọ yẹn á wú, omi á pọ̀ sí i ṣùgbọ́n kò ní ki mọ́, àwọn èròjà tó ń jẹ eegun rírọ̀ á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn wọ inú eegun rírọ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tó bá ti jẹ kì í fi hù padà bó ṣe wà. Eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á wá le ju bó ṣe yẹ lọ, eegun tuntun á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí oògùn tó ń dá èyí padà. Ohun tí ìtọ́jú ń ṣe ni pé ó ń pa ìwú náà, ó ń dín ìrora kù, ó sì ń jẹ́ kí oríkèé náà pẹ́ kó tó bàjẹ́ tán. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, ẹṣin lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ohun tó léwu kúrò

Làkúrègbé ọjọ́ orí tàbí ti iṣẹ́ kì í ṣàdédé dé lóru ọjọ́ kan. Ẹṣin tó rìn dáadáa lánàá tí kò wá lè fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ lónìí ní nǹkan mìíràn lára: ọyún nínú pátákò, eegun tó ṣẹ́ tàbí tó là, iṣan tó já, tàbí oríkèé tí kòkòrò àrùn ti wọ̀. Bí a bá fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ní oògùn làkúrègbé, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá nìyẹn.

Ẹ fi ọwọ́ kan pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ìgbóná wọn wéra. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì kan ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀, ìyẹn oríkèé tó wà lókè pátákò tó yọ sẹ́yìn díẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ ó rí iṣan kan tí ẹ̀jẹ̀ ń lù nínú rẹ̀. Lára ẹṣin tó yá, lílù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Bó bá ń lù gidigidi lẹ́sẹ̀ kan, tí pátákò ẹsẹ̀ náà sì gbóná, inú pátákò ni kí ẹ wá ìṣòro lọ, ọyún ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ń lù bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, tí ẹṣin na ẹsẹ̀ síwájú tó sì fi ara ti ẹ̀yìn, tí kò fẹ́ yí, laminitis, ìyẹn ìwú inú pátákò tó ń dun ẹṣin gan-an, ni kí ẹ fura sí. Ẹ má fà á rìn káàkiri láti wo bó ṣe ń tiro. Ẹ pe dókítà ẹran.

Oríkèé tí kòkòrò wọ̀ ni kò gba ìdúró rárá. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń gbé kòkòrò wọlé: ọgbẹ́ tó sún mọ́ oríkèé, kódà kó jẹ́ ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sínú oríkèé náà láìpẹ́, tàbí, lára ọmọ ẹṣin, ẹ̀jẹ̀ tó gbé kòkòrò wá láti ìdodo tàbí ìfun. Ọgbẹ́ tó là wọ oríkèé lè má jẹ́ kí ẹṣin tiro púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí pé omi inú rẹ̀ ń ráàyè jáde. Ọjọ́ tí ojú ọgbẹ́ bá pa dé ni ìrora máa ń gorí. Ẹ má sì jẹ́ kí tẹmomítà tàn yín jẹ. Ìgbóná ara ẹṣin àgbà máa ń wà láàárín 37.2 sí 38.3 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹṣin àgbà púpọ̀ tí kòkòrò wà ní oríkèé rẹ̀ kì í sì ní ibà. Omi inú oríkèé ló ń sọ òtítọ́. Nínú oríkèé tó yá, ó mọ́, ó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, bí omi funfun inú ẹyin ló sì ṣe ń fà láàárín ìka méjì kó tó já. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ kò tó 1,000 nínú máíkírólítà kan. Bó bá ti ju 30,000 lọ, tí purotéènì ju gírámù 4 lọ nínú dẹ̀sílítà kan, kòkòrò ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi púpọ̀ tí kò ní kòkòrò fọ inú oríkèé náà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí dókítà fa omi yìí kí ẹnikẹ́ni tó fún ẹṣin ní oògùn apakòkòrò, kí àyẹ̀wò lè dá kòkòrò náà mọ̀.

Ọmọ ẹṣin tí kò tíì pé oṣù kan tó bá ń tiro, ẹ gbà pé kòkòrò ti wọ oríkèé rẹ̀ títí dókítà yóò fi fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Wákàtí 24 tí wọ́n bá fi dúró wò ó ló ń sọ oríkèé náà di èyí tí kò ní wúlò mọ́.

Àwọn àmì tó máa ń kọ́kọ́ hàn

Ẹṣin kì í ké bí oríkèé bá ń dùn ún, ńṣe ló máa ń yí ìrìn rẹ̀ padà. Ó lè gan nígbà tó bá ń jáde láàárọ̀, kó wá dẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15. Imú pátákò ẹ̀yìn lè máa wọ́ nílẹ̀, tí ẹ ó fi rí i pé iwájú bàtà irin jẹ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ó lè kọ̀ láti fi apá kan ṣíwájú nígbà tó bá ń sáré, tàbí kó máa fa ẹsẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gé pátákò rẹ̀. Gàárì tó ń yọ̀ sí apá kan ṣáá náà wà lára àmì ìrora ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àwọn èèyàn kì í sì í kà á sí. Wọ́n á máa pààrọ̀ gàárì nígbà tó jẹ́ oríkèé ló ń pariwo. Nígbà tí ẹran ìdí bá ti fọn ní apá kan ju apá kejì lọ, ìrora náà ti pẹ́.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè fojú àti ọwọ́ ara yín ṣe

Ẹ mú ẹṣin dúró lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ rẹ̀ déédéé. Ẹ wò ó láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, àti láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé pátákò, kí ẹ máa fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Níbi tó bá wú, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bó bá jẹ́ omi inú oríkèé, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lápá kan, á yọ lápá kejì. Bó bá le gbagidi, eegun tuntun ni. Ìwú rírọ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ tí kò gbóná, tí kò sì dun ẹṣin bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́pọ̀ lára ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́, ó sì lè má jẹ́ nǹkan kan. Ibi tó wà ni kí ẹ wò dáadáa: ìwú oríkèé máa ń yọ nísàlẹ̀ eegun gígùn, ní iwájú iṣan tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn eegun náà, èyí tó bá yọ sẹ́yìn iṣan náà, àpò iṣan ni.

Ẹ wá rọra ká oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ibi tó ká dé, àti ìgbà tí ẹṣin fa ẹsẹ̀ gbà tàbí gbé orí sókè. Ọrùn ẹsẹ̀ tí kò ká tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kódà bí kò bá wú.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fà á rìn, kó sì fi eré kékeré fà á, ìyẹn eré tí ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òdìkejì fi ń kan ilẹ̀ pa pọ̀. Ilẹ̀ tó gùn tó mítà 30 ló dára, kí okùn rọ̀ kí orí ẹṣin lè máa mì bó ṣe fẹ́. Tí okùn bá le, ìsapá yín já sásán, torí orí ni ẹ fẹ́ wò. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń dùn ún, orí á lọ sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá tẹ ilẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí èyí tó yá bá tẹ ilẹ̀. Fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ lẹ bébà funfun kan mọ́ ṣóńṣó eegun ìbàdí méjèèjì, kí ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Apá tí bébà rẹ̀ ń lọ sókè-sódò ju èkejì lọ ló ń dùn. Ohun kan máa ń rú àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lójú: ẹṣin tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì tiro gan-an lè máa mi orí bí ẹni pé ti iwájú òsì ló ń dùn, torí pé ó ń ju ara síwájú nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn bá kan ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi orí nìkan dájọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó yí po lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lórí ilẹ̀ líle kó tó di ti rírọ̀. Ìrora oríkèé àti ti eegun sábà máa ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ líle, ti iṣan sì sábà máa ń pọ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n 0 sí 5 tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹṣin ní Amẹ́ríkà, AAEP, ń lò: 0, kò tiro, 1, ó ṣòro láti rí, kì í sì í hàn nígbà gbogbo, 2, ó ṣòro láti rí bó bá ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n ó máa ń hàn bó bá ń yí po tàbí tó gbé èèyàn, 3, ó ń hàn nígbà gbogbo nínú eré kékeré, 4, ó ń hàn bó bá ń rìn lásán, 5, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ ya fídíò rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì rántí ibi tí ẹ dúró sí, kí ti oṣù tó ń bọ̀ lè jẹ́ láti ibẹ̀ náà.

Àyẹ̀wò kíká ló kàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹṣin tó ti dé 4 tàbí 5. Ẹsẹ̀ tó yá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ká ọrùn ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 60, kí ẹ má fi agbára jù ú, kí ẹ jù ú sílẹ̀, kí ẹnì kejì sì mú un sáré lójú ẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan. Bó bá ṣì ń tiro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹsẹ̀ kejì kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀. Fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90 ni. Ẹ má sì gbàgbé pé oríkèé ńlá tó ta sẹ́yìn ní àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí àwọn dókítà ń pè ní hock, kò lè dá ká. Iṣan tó so ó pọ̀ mọ́ orúnkún ẹ̀yìn kò gbà, bí ọ̀kan bá ti ká, èkejì á ká. Kíká máa ń fi àdúgbò tí ìrora wà hàn, kò lè sọ ilé tó wà.

Ohun tí dókítà máa fi tọpinpin rẹ̀

Abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú ló ń sọ ilé yẹn. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀yìn pátákò, wọ́n á gún mepivacaine díẹ̀, bíi mílílítà 1.5 sí 2, sí ẹ̀gbẹ́ iṣan ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dúró ìṣẹ́jú 5 sí 10, wọ́n á tún fà á sáré. Bí kò bá yí padà, wọ́n á gòkè díẹ̀. Ibi tí títiro náà bá dẹ́kun ni ìrora wà. Bí wọ́n bá gún un ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí wọ́n dúró pẹ́ jù, oògùn á tàn sókè, àbájáde á sì ṣini lọ́nà. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ yìí á dákẹ́, ti ẹ̀gbẹ́ kejì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro: ẹsẹ̀ méjèèjì ló ti ń dùn látìgbà yẹn, èyí tó dùn jù ló bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹ má fún ẹṣin ní oògùn ìrora fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú àyẹ̀wò yìí, kí dókítà má bàa wá wo ẹṣin tí kò tiro.

Àwòrán X-ray ló ń tẹ̀ lé e, mẹ́rin ó kéré tán fún oríkèé kan, láti igun mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń wá ni eegun tuntun tó ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé, àlàfo tó ti dín, àti eegun abẹ́ tó ti funfun ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó ti ní ihò. Eegun rírọ̀ kò hàn nínú X-ray, nítorí náà àwòrán tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé oríkèé náà yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán burúkú lè jẹ́ ti ẹṣin tí kò tiro rárá. Ìdí nìyí tí a fi ń gún abẹ́rẹ́ kí a tó ya àwòrán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán máa ń rí nǹkan, á sì tọ́jú ohun tó rí, yálà òun ló ń dùn tàbí òun kọ́. Skáànì ultrasound dára fún awọ oríkèé, ìṣọ̀kan iṣan àti orúnkún ẹ̀yìn. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ń fi inú pátákò hàn ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Oríkèé tó ń ká púpọ̀ àti èyí tí kì í ká

Nínú hock, oríkèé mẹ́rin ló to léra. Ti òkè ló ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo kíká. Méjì ìsàlẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira rárá, àwọn gan-an ni làkúrègbé sì máa ń mú jù. Bí wọ́n bá gan, tí eegun wọn di ọ̀kan, ìrora á lọ, ẹṣin ò sì pàdánù ohun kan tó ṣe pàtàkì. Ó lè gba oṣù púpọ̀ tàbí ọdún kó tó gan fúnra rẹ̀, àwọn kan kì í sì í gan tán. Nínú ọ̀pọ̀ ẹṣin, omi oríkèé méjì yìí kò já síra wọn, nítorí náà kí dókítà gún àwọn méjèèjì.

Oríkèé tó wà láàárín ọrùn ẹsẹ̀ àti pátákò jọ ìyẹn. Wọ́n lè fi pákó irin àti ìdè so ó pọ̀ títí á fi gan, ẹṣin púpọ̀ sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún iwájú, oríkèé inú pátákò, orúnkún ẹ̀yìn àti òkè hock gbọ́dọ̀ máa ká. Eegun rírọ̀ wọn ni a gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Ìwúwo, pátákò àti ìrìn

Kò sí abẹ́rẹ́ tó lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn mẹ́ta yìí ń ṣe, a sì fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Ẹ fi téèpù wọn àyíká àyà lẹ́yìn apá ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wọn gígùn láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí. Ẹ sọ àyíká náà di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 11,880. Bí àyíká bá jẹ́ 180, tí gígùn jẹ́ 165, kìlógírámù 450 ni ẹṣin náà wọ̀n. Nọ́ńbà yìí lẹ ó fi ṣírò oògùn pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má fojú díwọ̀n. Nínú ìwọ̀n ìsanra ẹṣin láti 1 sí 9 tí Henneke gbé jáde ní 1983, ẹ jẹ́ kí ẹṣin onílàkúrègbé wà ní 5 tàbí kó dín díẹ̀: ọwọ́ yín á kan egungun ìhà rẹ̀, ojú kò ní rí i. Bó bá sanra jù, koríko gbígbẹ tó jẹ́ ìdá 1.5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lójúmọ́ ló tó, ìyẹn bíi kìlógírámù 6.75 fún ẹṣin kìlógírámù 450, láìsí ọkà. Ẹ má fi ebi pa á, pàápàá ẹṣin kúkúrú àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọ̀rá ara wọn lè ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lójijì, kí ẹ̀dọ̀ sì daṣẹ́ sílẹ̀.

Pátákò gbọ́dọ̀ rí ọ̀bẹ lọ́sẹ̀ 4 sí 6. Imú pátákò tó gùn ń mú kí gbogbo oríkèé tó wà lókè rẹ̀ ṣiṣẹ́ púpọ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n gé e kúrú, kí wọ́n sì yí imú bàtà irin díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó ga ju èkejì lọ náà ń fa oríkèé wọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gé e pé kó má gbé ẹsẹ̀ ga, kó sì máa jẹ́ kó sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹṣin tó ń jà níbi gígé pátákò, ìrora ló sábà máa ń fà á.

Nígbà tí oríkèé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wú tó sì gbóná, kí ẹṣin sinmi, kí ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lóòjọ́. Lẹ́yìn tí ìyẹn bá lọ, ìsinmi inú ilé ń pa á lára. Ìta tó ti lè máa rìn kiri látàárọ̀ dalẹ́ ló dára jù. Bí ẹ bá ń gùn ún, ìrìn ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tààrà, ilẹ̀ tó rọ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò rì. Iṣẹ́ díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju iṣẹ́ ńlá lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Yíyí nínú ààyè tó há ló ń ba hock àti ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́ jù.

Oògùn ìrora

Phenylbutazone ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, mílígírámù 4.4 fún kìlógírámù kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Fún ẹṣin kìlógírámù 450, gírámù 2 láàárọ̀, 2 lálẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, gírámù 1 lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, gírámù 1 lóòjọ́ tàbí kí ẹ máa fo ọjọ́ kan, kí ẹ máa dín in kù títí dé èyí tó kéré jù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ẹnu ni kí ẹ fún un. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan. Bó bá jò sí ẹran ara, ibẹ̀ á jẹrà, nítorí náà ẹ fi ti abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún dókítà. Bí ọjọ́ 4 sí 5 bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ dá a dúró, kí ẹ tún àyẹ̀wò ṣe.

Ikùn, ìfun ńlá àti kíndìnrín ló máa ń bà jẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹṣin tí kò jẹun dáadáa mọ́, tó ń ṣu omi, tí ẹnu rẹ̀ ní egbò, tàbí tí abẹ́ ikùn rẹ̀ wú. Ẹṣin tí kò mu omi tó kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ má sì fi oògùn ìrora irú rẹ̀ kejì kún un, bíi flunixin tàbí meloxicam. Àpapọ̀ méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ dín ìrora kù, ewu rẹ̀ ló ń pọ̀. Ẹṣin tó bá ti lo phenylbutazone kì í ṣe ẹran jíjẹ fún èèyàn mọ́.

Fún ìlò tó máa pẹ́, firocoxib, mílígírámù 0.1 fún kìlógírámù kan lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, rọ ikùn lára díẹ̀. Meloxicam jẹ́ mílígírámù 0.6 fún kìlógírámù kan lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Bó bá jẹ́ oríkèé kan ṣoṣo tó sún mọ́ awọ, ìpara diclofenac ìdá 1 nínú 100, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 sórí oríkèé náà, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 10, lè tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń fi pa á.

Abẹ́rẹ́ inú oríkèé

Iṣẹ́ dókítà lèyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ibi tí kò sí eruku, ẹṣin tí wọ́n ti fún ní oògùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, awọ tí wọ́n fi chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò lára awọ, fọ̀ fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán títí òwú fi ń jáde láìní ìdọ̀tí, ìbọ̀wọ́ tí kò ní kòkòrò, ìgò oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gún un pẹ̀lú ọwọ́ lásán látinú ìgò àná, ẹ dá a dúró.

Triamcinolone ni sítẹ́rọ́ọ̀dù, ìyẹn oògùn líle tó ń pa ìwú, tó yẹ oríkèé tó ń ká, ọ̀pọ̀ dókítà kì í sì í jẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ ju mílígírámù 18 lọ fún ẹṣin kan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sábà máa ń pò ó pọ̀ mọ́ hyaluronic acid, èròjà tó ń jẹ́ kí omi oríkèé ki, bíi mílígírámù 20. Methylprednisolone ń pẹ́ lára, ṣùgbọ́n ó ń ba eegun rírọ̀ jẹ́. Ìsàlẹ̀ hock, tí a fẹ́ kó gan, ló yẹ. Ẹṣin arúgbó tàbí èyí tó sanra tó ní ìṣòro insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lè kó laminitis látinú sítẹ́rọ́ọ̀dù, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gún un.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ọjọ́ 1 sí 2 nínú ilé, ìrìn ọwọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa wọn ìgbóná ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá wá tiro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí oríkèé sì wú, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Sítẹ́rọ́ọ̀dù lè bo àmì kòkòrò mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má dẹ́kun ìṣọ́ lọ́jọ́ kẹta. Bí oríkèé kan bá sì ń béèrè abẹ́rẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́fà, ojú wa kì í mọ́ra sí àtúnṣe kan náà: ó dà bíi pé ibi tó ń dùn kọ́ ni wọ́n ń gún, tàbí pé iṣẹ́ ẹṣin náà ti pọ̀ ju ohun tí oríkèé náà lè gbé lọ.

Níbi tí sítẹ́rọ́ọ̀dù kò bá ti ṣeé lò, wọ́n lè lo ohun tí wọ́n yọ látinú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà fúnra rẹ̀, tàbí jẹ́ẹ̀lì polyacrylamide ìdá 2.5 nínú 100. Fún ẹṣin tí oríkèé púpọ̀ ń dùn, abẹ́rẹ́ ẹran ara wà: polysulfated glycosaminoglycan mílígírámù 500 ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin títí á fi pé méje, tàbí pentosan mílígírámù 3 fún kìlógírámù kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì, nítorí náà kí wọ́n má sún mọ́ iṣẹ́ abẹ. Tiludronate àti clodronate wà fún ìrora tó ń ti inú eegun wá. Ẹṣin tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ gbà á, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́dọ̀ fi í pọ̀ mọ́ phenylbutazone, torí kíndìnrín. Inú rírun díẹ̀ láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ wọ́pọ̀, ẹ dúró tì í. Àwọn lúbúlúbú glucosamine tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí. Ọ̀rá omega-3 sàn díẹ̀. Bí owó bá kéré, pátákò àti ìwúwo ni kí ẹ ná an lé. Fún ẹṣin tó ń díje, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń pẹ́ lára kí ẹ tó fún un.

Ẹṣin tí kò lè dùbúlẹ̀ mọ́

Ẹṣin lè tòògbé ní ìdúró, ṣùgbọ́n kò lè sun oorun ìjìnlẹ̀ àyàfi bó bá dùbúlẹ̀. Èyí tí ìrora kò jẹ́ kó dùbúlẹ̀ á máa yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lójijì lórí ìdúró, á sì fi iwájú ọrùn ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bí ẹ bá rí egbò tàbí àpá tó tún ń bó níwájú ọrùn ẹsẹ̀ iwájú, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ tó nípọn sílẹ̀ fún un níbi tó fẹ̀, kí ẹ fún un ní oògùn ìrora lálẹ́ dípò àárọ̀, kí ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara láàárọ̀ fi hàn pé ó dùbúlẹ̀.

Bí oògùn bá ti dé góńgó, tí kò sì lè dùbúlẹ̀ kó dìde, tó ń rù, tí kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn dé ibi omi, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa pípa á láìsí ìrora, kí ẹ yan ọjọ́ kó tó di pé ó ṣubú tí kò lè dìde. Bó bá jẹ́ pentobarbital ni wọ́n lò, oògùn náà kì í tètè kúrò lára òkú. Ajá tàbí igún tó bá jẹ nínú rẹ̀ lè kú, nítorí náà ẹ sin ín jinlẹ̀ lọ́jọ́ náà, jìnnà sí kànga àti odò.